Èmi Ni Mo Yí Ìtàn Hepu Padà, Kì Í Ṣe Bàbá Ìgè

Ẹ má dá ẹlòmíì lẹ́bi mọ́. Ẹni tó da ìjọ wa rú lọ́dún tó kọjá, èmi ni. Èmi Tolúlàṣẹ, ọmọ Ìyáàfin Anna ti Temple Hills ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ níwèé nílé, tí ẹ máa ń sọ pé kì í sọ̀rọ̀. Ó yá, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bínú.

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Ìgè, olùkọ́ ìtàn láti Ìbàdàn, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní District Heights. Lọ́jọ́ Sátidé, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa ń kọ́ àwa ọmọ tí à ń kàwé nílé. Lọ́dún 2007, ìtàn àgbègbè Hepu ni wọ́n mú fún Ọjọ́ Ìtàn, ọjọ́ tí a máa ń ka ìtàn níwájú ìjọ. Etí òkun gúúsù Ṣáínà ni Hepu wà. Àwọn ọba ìdílé Han ló dá a sílẹ̀ ní ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Jésù. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í so ọkà. Péálì ni wọ́n ń wá lábẹ́ òkun, òun ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ lọ́dọ̀ àwọn ará Jiaozhi tó múlé tì wọ́n. Àwọn gómìnà wọ̀bìà wá jẹ níbẹ̀, wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa wá péálì ṣáá, kò sí ìsinmi, títí wọ́n fi ní péálì kó kúrò ní Hepu lọ sí ojú òkun Jiaozhi. Oníṣòwò ò wá mọ́. Ebi pa tálákà kú sójú ọ̀nà. Ìgbà tí gómìnà rere kan dé, tó fòpin sí ìnilára náà, ni péálì padà kí ọdún tó yí po. Bí Bàbá ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìtàn kù sí dẹ̀dẹ̀, ikọ́ gba ohùn Bàbá, wọn ò lè jáde nílé. Wọ́n ní, "Tolú, ìwọ ni wàá bá mi kà á. Ohùn rẹ kéré, àmọ́ o kì í fo ọ̀rọ̀." Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe: ọmọ tó bá ń ka ọ̀rọ̀ àgbà, ẹnu lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì lò ó.

Ṣé ẹ rí i, bí èèyàn bá ti dákẹ́ jù, wọn á máa sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀ bí ẹni pé àga ni. Yétúndé àti Ọmọ́kẹ́mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ni ìgbìmọ̀ ìjọ ń fi ṣọ́ àwọn ọmọdé: nígbà ìsìn, nígbà ìpàdé, nígbà àdúrà ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ́kẹ́mi ń nu ìdí ọmọ kan lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tolú Jẹ́jẹ́, láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, mi ò tíì gbọ́ ìwàásù kan parí. Bí mo bá dé ọ̀run, ìdí ọmọ ọlọ́mọ ni màá fi jẹ́rìí." Yétúndé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni. Wọ́n lọ bẹ Alàgbà Felix, alága ìgbìmọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé, "Iṣẹ́ Olúwa lẹ fẹ́ sá fún? Ta ló wá gbé yín ní pápákọ̀ òfurufú?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo dìde níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìtàn náà. Mo kà á dé ibi tí gómìnà rere ti dé, mo bá dúró. Mo ní, "Kì í ṣe gómìnà ló dá péálì padà. Àwọn obìnrin tó ń wọ òkun ló jókòó sétí omi, wọ́n ní àwọn ò wọ̀ ọ́ mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ tàwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àtijọ́ wí." Irọ́ ni. Kò sí ìwé tó wí bẹ́ẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti hùmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, Yétúndé àti Ọmọ́kẹ́mi, tí wọ́n gbọ́ mi lọ́jọ́ náà, lọ jókòó sí ìlà iwájú, wọ́n gbé báàgì lé itan. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri nídìí pẹpẹ. Nígbà tí Màmá Mobáyọ̀, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, wá pè wọ́n pé kí wọ́n lọ ṣọ́ ọmọ, Ọmọ́kẹ́mi ní, "Ẹ ní sùúrù, mà. À ń ṣe Hepu lónìí." Inú mi dùn. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn, mi ò sì ní kábàámọ̀ ẹ̀ láéláé.

Èyí tó burú ló ń bọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Felix dá mi dúró lójú ìyá mi. "Ṣé Bàbá ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn?" Wọn ò tilẹ̀ rò ó pé ó lè jẹ́ èmi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò la ẹnu, orí ni mo mì. Ẹ wo irọ́ ojo! Wọ́n kó wa lọ sí ilé Bàbá. Alàgbà ní, "Ẹ̀yin lẹ fi ìtàn Ṣáínà dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjọ." Bàbá wò mí. Ohùn wọn ò tíì padà, wọ́n rọra ní, "Bí Tolú bá kà á bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́." Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n ru ẹ̀bi mi. Ìgbìmọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, àwọn òbí sì kó ọmọ wọn kúrò. Olùkọ́ tí kò fi ìtàn ṣeré rí láyé wọn di òpùrọ́ nítorí mi.

Bàbá Ìgè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń bẹ̀. Alàgbà Felix, mi ò bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ lé ẹnìkan, ẹ lé mi. Ẹ̀yin ọmọ jẹ́jẹ́ bíi tèmi, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti bá àgbà sọ, ẹ fi orúkọ ara yín sọ ọ́, kí ìyà rẹ̀ má lọ bá ẹlòmíì. Mo ti gba ìwé ìwakọ̀ báyìí; ní Sátidé tó ń bọ̀, màá fi mọ́tò ìyá mi gbé Bàbá wá sí kíláàsì wọn. Ẹ jẹ́ ká bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.