Ilẹ̀ Èkùrọ́ ní Ilé Ajẹ́lẹ̀

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ru kọnkéré ní Ẹ̀fọ̀n níbí… ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò lọ sókè mọ́… òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà náà ni. Ilé ajẹ́lẹ̀ wọn wà lórí òkè lọ́hùn-ún, ó ṣófo. Kánsù ní kí a da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Èmi wà lára àwọn lébìrà.

Mo sọ ọ́ nílé nídìí oúnjẹ. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, gbé òkèlè sílẹ̀.

"Ilẹ̀ wo? Èyí tí a fi èkùrọ́ tẹ́?"

Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ pé Yèyé wà lára àwọn tó tẹ́ ẹ! Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yẹn, ọkùnrin ló mọ ògiri, obìnrin ló tẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á po amọ̀ pupa, wọ́n á lù ú, wọ́n á máa tẹ èkùrọ́ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbẹ. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ojú ilẹ̀ tirẹ̀ àti ọnà tirẹ̀. Ọjọ́ tó gbẹ tán, àwọn òyìnbó ní kí àwọn obìnrin náà máa lọ. Wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé.

"Mú mi lọ lọ́la," Yèyé ní. "Kí n rí tèmi kí ẹ tó bò ó. Ìyẹ̀wù ló wà."

Ìyẹ̀wù! Ibẹ̀ gan-an la máa kọ́kọ́ dà, nítorí inú la ti ń dà á bọ̀ síta. Mo bẹ ọ̀gá bíríkìlà wa, ará Òṣogbo kan.

Ó ní, "Màá dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tí a bá ti pò kì í dúró de ìyá ẹnikẹ́ni o!"

Ilẹ̀ mọ́, a fẹsẹ̀ rìn. A kọjá ààfin. A dé iwájú kóòtù àtijọ́, Yèyé dúró. "Níbí ni òyìnbó ti ṣí fìlà lórí bàbá rẹ àgbà lójú gbogbo ayé. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn." A tún rìn. Ó yà sílé kan lẹ́yìn ilé míṣọ́nnì.

"Fádékẹ́! Dìde! Wọ́n fẹ́ bo iṣẹ́ wa!"

Obìnrin kan dáhùn nínú ilé: "Iṣẹ́ wo? Èyí tí o fọwọ́ òsì ṣe yẹn?"

"Ọwọ́ òsì ìyá rẹ ni!"

Fádékẹ́ ní òun máa wé gèlè. Ó wé e, ó tú u, ó tún un wé… Ara mi ti gbóná. Ibẹ̀ la ti yà lọ sílé Ọmọ́tádé, tí òun náà bá wọn tẹ́ ilẹ̀ yẹn, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n fà á lọ́wọ́. A dé ilé Àìná. Àìná ti kú. Yèyé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àìná, à ń lọ o."

Mo ní, "Yèyé, oòrùn ti yọ! Wọ́n á ti dà á!"

"Mo gbọ́."

Nígbà tí a fi máa gun òkè náà tán, sìmẹ́ńtì ti kún ìyẹ̀wù, ó ń dán. Ọ̀gá ṣí fìlà. "Màmá, ẹ má bínú. Mo dúró títí."

Yèyé wo sìmẹ́ńtì náà. Ó bọ́ bàtà, ó yí sí pálọ̀, níbi tí èkùrọ́ ṣì wà. Ọmọ́tádé kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀ káàkiri, títí ó fi pariwo: "Tèmi rèé! Mo ṣe é bí ejò!"

Fádékẹ́ ní, "Ejò tí kò lórí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Yèyé fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ojú ilẹ̀ tí Àìná ṣe, ó rọra tẹ̀ ẹ́ láti òpin dé òpin. Ọ̀gá ní kí gbogbo wa sọ páànù kalẹ̀, ká dúró.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo ní, "Yèyé, ká ní a ò yà sílé wọn ni…"

"Kí n wá dá dúró síbẹ̀? Ta ni màá fi hàn? Ta ni yóò sọ pé irọ́ ni mò ń pa?"

Lónìí, wọ́n ti tẹ́ táìsì Ṣáínà lé sìmẹ́ńtì yẹn. Ó ń dán, ó ń yọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ń gun ọ̀kadà lọ wo nǹkan, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ ẹ máa kan ilẹ̀kùn ẹnìkan lọ́nà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó wé gèlè rẹ̀ tán.

Ilé Fádékẹ́ ti wó… Hmm.