Òwú Funfun Lọ́rùn Ìgò Méjèèjì

Ẹ gbé tàdáwà yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí ọkọ mi sùn sí, Tíṣà, kí ó má baà dà sí wọn lára. Èmi Sàlámọ̀tù ni kí n tẹ̀ka, pé èmi ni mo ṣi òògùn lò? Ẹ̀gbọ́n yín Titus jókòó sínú dìpẹ́ńsárì rẹ̀, ó rán yín sí mi pẹ̀lú ìwé, ẹ̀yin náà gbà á, ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá. Ẹ jókòó. Ẹ má sì wojú mi pé mo ń pè é ní “ó”. “Wọ́n” ni mo ń pè é títí di àná.

Ta ni kò mọ òwú Dìpẹ́ńsà ní Àpòmù yìí? Òun fúnra rẹ̀ ló kó wa jọ lọ́jọ́ tó dé, tó ní ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀wé, ẹ má wulẹ̀ dààmú, ìgò tí mo bá so òwú funfun mọ́ lọ́rùn, mímu ni, èyí tí mo bá so òwú pupa mọ́, fífi para ni. Ó tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń wo òwú. Àwọn ọmọ tí kò tíì mọ èjì yàtọ̀ sí ẹ̀ta mọ òwú.

Bàbá Rùfáì ọkọ mi ń wúkọ́, ìbàdí sì ń dùn wọ́n láti ìgbà tí a ti ń ká kòkó. Lánàá wọ́n mú ìgò méjì láti ilé, nítorí dìpẹ́ńsárì kì í fúnni ní ìgò. Wọ́n gbé méjèèjì dé, òwú funfun lọ́rùn méjèèjì. Mo ní, èwo ni ti ìbàdí níbẹ̀? Wọ́n ní, ìwọ náà wo òwú, mímu ni méjèèjì, ọ̀kan á bá ikọ́ jà, ọ̀kan á gba inú wọ ìbàdí lọ. Ó bọ́gbọ́n mu lójú tèmi náà. Òórùn ti ìbàdí yẹn ń ta ní imú, àmọ́ èwo nínú òògùn ìjọba ni kì í rùn? Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, Tíṣà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú. Wọ́n fajú ro, wọ́n ní ó le, mo tún ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà gbé e mì.

Mo sáré dé dìpẹ́ńsárì láàárọ̀ yìí, kí ni ẹ̀gbọ́n yín wí? Ó ní òwú pupa tán, ni òun fi so funfun mọ́ ti ìpara náà. Ó ní òun ti ránṣẹ́ rà á ní Ìkirè, kò tíì dé. Ó ní òun kọ ọ́ sára ìgò, òun sì sọ ọ́ lójú fèrèsé. Bóyá ó sọ ọ́. Èèyàn ogún ló ń ti ara wọn níwájú fèrèsé yẹn, ọmọ ń ké, ta ni yóò gbọ́? Èyí tó kọ ńkọ́, ta ló kọ ọ́ fún? Ṣé àwa tó ní kí a má dààmú náà ni?

Ẹ dákẹ́ ná. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ló rán yín lọ sílé ìwé. Ẹ̀mí ọkọ mi ló fẹ́ bọ́ níbí.

Ẹ ní bí mi ò bá tẹ̀ka, kò sí lẹ́tà tí wọn yóò fi gbà wọ́n ní ọsibítù n'Íbàdàn. Òótọ́ ni. Àmọ̀kẹ́ àbúrò mi lọ láìní lẹ́tà, ẹnu géètì ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmọ́ mo ní kí ẹ ka lẹ́tà yẹn sí mi létí, ẹ kà á, mo dúpẹ́, ẹlòmíràn ìbá purọ́. Inú rírun ló kọ síbẹ̀. Ẹni tó ní agogo ń lù nínú etí òun, tó ń bì láti àná, tó ń mí bí ẹni tó sáré ti Wásinmi dé, inú rírun. Dókítà ọ̀hún á ṣí i, á ka inú rírun, á tún bu òògùn inú rírun lé èyí tó ń pa wọ́n lọ. Mi ò tẹ̀ka, wọ́n á kú sórí ẹní yìí. Mo tẹ̀ka, wọ́n á gba lẹ́tà irọ́ lọ kú s'Íbàdàn. Ibo ni kí n gbà, Tíṣà?

Ẹ gbọ́, Gàrúbà awakọ̀ tí yóò gbé wọn lọ s'Íbàdàn ti ń fọn fèrè lọ́rì rẹ̀. Ó ti kó kòkó tán.

Gègé ń bẹ lápò yín. Mi ò ní kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín, mi ò ní kí ẹ kọ òwú, ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi bí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sábẹ́ inú rírun yẹn pé òògùn ìpara ni wọ́n mu, ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, láti àná. Ìgò náà ń bá wọn lọ, mo ti dì í mọ́ aṣọ wọn. Ẹ kọ ìyẹn tán, kí ẹ wá gbé tàdáwà yín wá. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni n ó tẹ̀ fún yín.