Bí Kabúrétọ̀ Ìjàpá Mi Ṣe Fẹ́ Gba Ojú Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tó dá ojú, tó sì mọ ọ̀nà tóóró tí epo ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀ wa ti ní kí n má pẹ́. Tísà ni mí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹnu tísà kì í tètè pa dé.

Gbogbo yín lẹ mọ mọ́tò mi. Ìjàpá ni, ó ti dàgbà, ẹ̀yin akọrin sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí mo bá ti kúrò ní Ìjerò, àwọn ará Ìlórò á ti máa gbọ́ ọ. Mo gbà. Ẹ ṣá rántí ẹni tó ń bá yín gbé sípíkà lọ sí àpéjọ.

Ẹ mọ Màmá mi náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fà wọ́n lọ́wọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti pẹ́ tí nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú wọn, títí ó fi di pé òjìji èèyàn nìkan ni wọ́n ń rí. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé àwọn dókítà ojú kan ti òkèèrè wá sí Adó, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn àgbàlagbà. A forúkọ Màmá sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa ló jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí oòrùn bá kan àtàrí tí a kò tíì dé, kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí a bá pàdánù èyí, kí n má retí pé ojú náà á dúró dè wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tú kabúrétọ̀ nígbà tí ìrìn àjò náà ku ọ̀la. Kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó rí nǹkan jó. Tèmi ti dọ̀tí, mọ́tò ń wúkọ́ bí arúgbó inú ọyẹ́. Mẹ́káníìkì tó mọ ìjàpá kò pọ̀ mọ́, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ fúnra mi. Mo tú u palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, mo fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, mo fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò ó padà. Ìyàwó mi dúró tì mí, ó káwọ́ gbera.

"Bàbá Tóbi, ṣé gbogbo ohun tí ẹ tú lẹ tò padà? Torí fáànù tí ẹ tún ṣe lọ́jọ́sí, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì wà nínú ife mi."

Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀. Mo sítáàtì mọ́tò, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun.

Ilẹ̀ mọ́, a gbéra, èmi, Màmá àti ìyàwó mi. A kọjá Ìjerò láìsí wàhálà. Ó ku díẹ̀ ká dé Aràmọ̀kọ, a ń gun òkè kan lọ, mọ́tò ta gìrì, ó wúkọ́, ó kú.

Mo sítáàtì rẹ̀ títí, kò dáhùn. Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo táksí tó ń kọjá ló kún. Ọ̀kan dúró, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ní. Ta ni a fẹ́ fi sínú rẹ̀? Ẹni tí kò ríran ni? Ojú ni ìyàwó mi fi bi mí léèrè nọ́ọ̀tì. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ìwọ lo tò ó, ọwọ́ rẹ ló bà á jẹ́, ìwọ lo máa fọ́ ìyá rẹ lójú. Oòrùn sì ń gòkè.

Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, níbi tí ẹ́ńjìnnì ìjàpá máa ń wà, mo ṣí kabúrétọ̀. Omi ni mo bá nínú rẹ̀. Ẹ̀kán omi ń yí gbirigbiri lábẹ́ epo bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta epo fún mi. Màmá yọ orí láti inú mọ́tò.

"Má bú ẹni ẹlẹ́ni. Omi àdúà ni."

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo wọlé lọ wẹ̀ lálẹ́ àná rẹ̀, Màmá ti táràrà dé ìdí mọ́tò, wọ́n fọwọ́ wá ìdérí tánkì, wọ́n da ìgò omi àdúrà kan gbáko sí i, kí ìrìn àjò wa lè dára.

"Pásítọ̀ kúkú ní ká wọ́n ọn sí ohun tá a bá fẹ́ kí Olúwa bùkún," ni wọ́n wí.

"Wọ́n ní ká wọ́n ọn, Màmá, wọn ò ní ká rọ ọ́ yó."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ mìíràn ẹ bá wa fi kún un pé tánkì kò sí lára rẹ̀.

Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo tú rọ́bà epo, mo jẹ́ kí omi náà ṣàn jáde sínú kẹ́ẹ̀gì títí mo fi rí epo gidi. Ó wá ku kí n fẹ́ jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì ni idẹ kékeré tó ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́, inú rẹ̀ ni epo ń gbà. Bí kò bá sí i, mọ́tò kò lè lọ. Mo yọ ọ́, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó wọ inú koríko.

Èmi àti ìyàwó mi wá a títí. Koríko, òkúta, koríko. Mo wo ilẹ̀, òjìji mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀. Ẹ má rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ẹkún ni.

Màmá ní, "Kí ló sọnù?"

"Idẹ kékeré kan ni, Màmá. Kò ju hóró àgbàdo lọ."

Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ò ríran."

"Ìwọ tó o ríran ńkọ́, ṣé o ti rí i?"

Wọ́n kúnlẹ̀ sínú koríko. Wọ́n ní, "Baba, ibi tó wà kò pamọ́ fún ọ. Mú ọwọ́ mi débẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ilẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n nà án sí mi: òkúta. Wọ́n tún nà án: òkúta. Wọ́n nà án lẹ́ẹ̀kẹta, ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni. Ìyàwó mi ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò bóyá mọ́tò á gbà á. Wọ́n tún nà án, ó tutù, ó ní ihò. Jẹ́ẹ̀tì ni.

N kò mọ bí mo ṣe tò ó. Mọ́tò jí. A gba Aràmọ̀kọ kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí a dé Adó, àwọn dókítà ti ń kó àpótí wọn sínú ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ Màmá, ó kún fún erùpẹ̀, ó ń rùn bí epo. Ó ní, "Màmá, ṣé oko lẹ ti ń bọ̀ ni?" Kí a tó dáhùn, dókítà kan tó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tún gbé e wọ̀. Ó ní kí wọ́n mú Màmá wọlé.

Ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú Màmá. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ùwọ rèé?"

"Èmi ni, Màmá."

"O hewú tó báyìí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ẹ̀yin ará, Màmá nìyẹn ní ìjókòó kẹta. Lónìí, wọ́n dá wọlé, ẹnikẹ́ni kò fà wọ́n lọ́wọ́. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ bá mi jó, ẹ bá ìdílé mi yọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tètè ronú pìwà dà, nítorí Màmá ti ń rí yín.