Òkú Bátìrì Tí Mo Kó Fún Àǹtí Bọ́lá

Ẹ̀yin òǹkàwé, láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Títí ọkọ mi fi kú, n kò sọ ọ́ fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́ tipẹ́ kí Àǹtí Bọ́lá tó ti Ìbàdàn dé. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n fún un. Ó gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì wá sí kíláàsì, ó ṣa àwọn ọmọ díẹ̀ tí ọpọlọ wọn yá ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Á ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí nílé, á gba ohùn wọn sílẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ náà sára páálí. Bí rédíò bá ti ń sọ ọ́, ọmọ á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti ń kàwé.

Dàpọ̀ ọmọ mi wà lára wọn. Lọ́jọ́ kan, ó ka ara agolo wàrà fún àwọn àlejò wa. Wọ́n ní, "Ọmọ tíṣà!" Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó fi Èkìtì wa sọ pé, "Àǹtí Bọ́lá lọ́ kọ́ mi, kè é ṣe ùwọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo jowú obìnrin yẹn débi pé ẹ̀rín rẹ̀ lásán ń bí mi nínú.

Ọ̀gá ilé ìwé wa wá pe àwọn òbí kí wọ́n wò ó bóyá kí rédíò náà máa wà ní kíláàsì. Iná kò sí, bátìrì ló ń lò. Àwọn tuntun wà lórí tábìlì. Àwọn tó ti kú, ó sá wọn sóòrùn lójú fèrèsé bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Oríṣi kan náà ni wọ́n. Nígbà tó jáde lọ to àwọn ọmọ, mo pààrọ̀ wọn. Ó wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki òkú bátìrì sínú rédíò.

Ohùn Dàpọ̀ ni ó kọ́kọ́ tẹ̀. Ó ń fà, ó ki, bí ohùn arúgbó tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ, Dàpọ̀ fi igbe ta. Èmi náà dá sí i: "Ṣebí mo ti ń sọ ọ́, nǹkan ìṣeré ni." Ọ̀gá ti rédíò mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jọ̀ọ́, ó pẹ́ gan-an kí Dàpọ̀ tó tún fẹ́ràn ìwé. Bí mo bá ṣí ìwé níwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ bo etí. Èmi tíṣà, n kò rí i kọ́.

Dàpọ̀ ti dàgbà, Àǹtí Bọ́lá sì ti di ọ̀rẹ́ mi. Òun ló ń fi fóònù kọ́ ọmọ Dàpọ̀ ní ìwé kíkà báyìí, bó ti ṣe é nígbà yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wo ọmọ náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ìwàǹwára mi ló ba Dàpọ̀ lẹ́rù lọ́jọ́sí. N kò yẹ bátìrì yẹn wò dáadáa." Ó kúnlẹ̀.

Mo ní kí ó dìde. Mo ní mo ti dárí jì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, òun ni àbí Dàpọ̀?