Ìwé Tí O Ní Kí N Fọwọ́ Sí

Pé mo ṣi ìwé kà? Èmi Amos Helliwell? O wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Yorkshire nínú òjò ọjọ́ Àìkú, Gerald, o jókòó sí ilé ìdáná mi, o mu tíì tí Hilda ìyàwó mi pò fún ọ, o jẹ bísíkíìtì méjì, o wá yọ ìwé lápò pé kí n fọwọ́ sí i pé ojú mi ti ń ṣú, pé àgbà tí kò tètè mọ̀wé ni mí, pé mo ṣi ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi kà ni mo fi lọ dìbò lọ́jọ́ tó yẹ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Rárá, má tíì dá a padà sápò. Jẹ́ kó wà lórí tábìlì níbẹ̀. Mo fẹ́ máa wò ó bí mo ti ń sọ̀rọ̀.

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí kí n tó lè ka orúkọ ara mi. Ogún ọdún gbáko ni mo ti fi fọ́ òkúta nínú kòtò kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí olùkọ́ kankan, orí tábìlì tí o gbé ìgbọ̀nwọ́ lé yìí ni mo ti kọ́ ara mi, ìka mi lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Ẹni tó fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kì í ṣi í kà. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sáàárín ìwé lẹ máa ń fò ó.

Kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́, mo mọ̀. Àwọn tó ń bá Olórí Ìjọba tún ọ̀rọ̀ ṣe ló kọ ọ́. Ta tún ni ì bá sọ pé “àṣìṣe tó bani nínú jẹ́” kó má sì sọ ẹni tó ṣe é? Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ fáwọn oníròyìn lọ́jọ́ Ẹtì kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn nísàlẹ̀ òkè yìí, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo ajá àrúgbó. Ó ní ṣé kí òun bá mi ka àkọlé iwájú.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́, Mínísítà Ètò Ìṣúná ń wá ipò Olórí Ìjọba, bí wọ́n bá rí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ, ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ, Olórí Ìjọba á sì tẹ̀ lé ọ. Ìjà yín nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa, ẹ sì ń wa kòtò síra yín lábẹ́ ìjókòó, ẹ wá ń wá àgbàlagbà tí ẹ máa tì sínú rẹ̀ kó lè dí.

O mọ ohun tó wà láàrin èmi àti Lionel Thursby. Iṣẹ́ rẹ ni láti mọ̀ ọ́n, ìwọ tí ẹgbẹ́ fi ṣe olórí àwọn tó ń kó wa lọ dìbò. Ẹgbẹ́ òdìkejì ni Lionel, àmọ́ ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni àwa méjèèjì, a sì ti dè é ní àdéhùn láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn: bí ara ọ̀kan kò bá dá, tàbí bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀kan, èkejì kò ní wọlé dìbò, kí ìbò wa lè pa ara wọn rẹ́. Kò sí ìwé. Kò sí ẹlẹ́rìí àfi ìwọ àti ẹnìkejì rẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ nínú ẹgbẹ́ òdìkejì. Ẹnu lásán ni, ẹyin sì lọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ilé, ọ̀rọ̀ mi kejì, mo sọ ojú ìlà nù lórí ìwé tí mo ń kà. Mo dúró. Àwọn ẹgbẹ́ Lionel bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ ọ, àwọn tèmi gan-an ń rẹ́rìn-ín sínú. Lionel dìde lódìkejì, ó ní ṣé ọmọ ìgbìmọ̀ ọlọ́lá á gba òun láyè, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí òmùgọ̀ pàápàá kò ní bi ènìyàn, nípa iye àgùntàn tó wà ní Yorkshire, ó sì ń fà á gùn, ó ń fà á gùn, títí ìka mi fi rí ibi tí mo dé. Ó jókòó. Kò mẹ́nu kàn án fún mi rí láyé rẹ̀.

Òun ló dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú, nígbà tí Ilé fẹ́ dìbò bóyá a ṣì fọkàn tán ìjọba. Mo sì wà nínú yàrá tí a ń kó aṣọ òjò kọ́ sí, mo ti wọ tèmi, mo fẹ́ lọ. Agogo ìdìbò ń dún. O wá di ìgbọ̀nwọ́ mi mú. O rántí ohun tí o sọ? Ó dára, jẹ́ kí n bá ọ rántí. O ní, “Amos, a ti tú àdéhùn yín. Thursby ti gbà.” Mo ní nígbà wo. O ní, “Láàárọ̀ yìí. Rìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù.”

Mo bọ́ aṣọ òjò. Mo rìn. Ìbò kan ṣoṣo la fi borí.

Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀, Honor, di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ará ẹgbẹ́ wọn ti mú ìwé tí orúkọ àwọn tó dìbò wà nínú rẹ̀ wá bá Lionel lórí ibùsùn, inú ń bí wọn, wọ́n ní, wo ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe. Ó ní Lionel fi gbogbo agbára tó kù fún un yọ rọ́bà yẹn nímú kó lè sọ̀rọ̀. “Àṣìṣe ni. Amos kò jẹ́ ṣe é.” Ohun tó sọ gbẹ̀yìn tó yé ènìyàn nìyẹn. Honor sì ń wò mí, ó ń retí. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe, Gerald? Mo ní ẹ kú ìdárò. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àlejò lẹ́yìn ìsìnkú, mo jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́yin.

Láti ìgbà náà. Má rẹ́rìn-ín, o. Hilda nìkan ni mo ti sọ ọ́ fún. Bí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà tí a ń rìn gbà dìbò, níbi tí wọ́n ti ń kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń dúró di ìgbẹ̀yìn báyìí, kí n lè wẹ̀yìn dáadáa. Lọ́jọ́rú tó kọjá, ẹni tó ń kà pè mí ní ọ̀ọ́dúnrún lé mọ́kànlá. Èmi ni mo kẹ́yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo. Mo gbé ẹsẹ̀ méjì, mo gbọ́ tó ka ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá. Ohùn kan náà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tó pè mí. Mo yíjú. Ẹni tó ń kà ń kọ ọ̀ọ́dúnrún lé mọ́kànlá sílẹ̀, ó ní kí ló dé, sà. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí mo ti jáde ṣì ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Lionel ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bínú. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ó kàn ń tẹ̀ lé mi bí ẹni tó fọkàn tán mi.

Sùúrù, jókòó. Òjò ṣì ń rọ̀, ọkọ̀ rẹ kò ní sálọ.

O rò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Ó wù mí láti fọwọ́ sí i, Gerald, ó wù mí dé eegun. Gbogbo ohun tí òkú yẹn rò nípa mi ló wà nínú ìwé rẹ: àṣìṣe ni, Amos kò jẹ́ ṣe é. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ Lionel á jóòótọ́, Honor á sùn, bóyá èmi náà á sùn. Ẹ ò tilẹ̀ mọ bí ohun tí ẹ gbé wá bá mi ti dùn tó. Ẹ rò pé ìtìjú lẹ gbé wá.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni mo lọ wò ó. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kan péré kí a tó dìbò. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan. Kò lè gbé ife omi. Ó fẹ́ pe orúkọ mi, ìlàjì rẹ̀ ló jáde. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni o ní ó gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì wo ojú rẹ, mo rí i pé irọ́ ni, ìwọ náà sì rí i pé mo rí i. Ìwọ ló purọ́, èmi ni mo bọ́ aṣọ òjò. Nítorí pé mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa borí. Nítorí pé ó wù mí, lẹ́ẹ̀kan láyé mi, kí ó jẹ́ ìbò èmi Amos afọ́kúta ló gba ìjọba là.

Gba bírò yìí. Yí ìwé yẹn padà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Honor Thursby ni kó o kọ ọ́ sí, kì í ṣe àwọn oníròyìn, wọ́n á gbọ́ tiwọn bó bá yá. Kọ ọ́ pé mo mọ̀ pé Lionel kò gbà. Kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ṣi nǹkan kan kà. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ ẹni tó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, kó o sì kọ ọ́ kó ṣeé kà dáadáa.

Ó ti tó, má wo fèrèsé mọ́. Kọ ọ́. Orúkọ tèmi ni kó ṣáájú.