Àpá Ìṣó Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, torí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí nínú ju àìsàn lọ. Ẹ rántí àwòrán Jésù tí ẹ yà, èyí tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tí mo bá yín gbé lọ sí ilé àfihàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́? Irọ́ ni mo pa fún yín lórí ẹ̀.

Ọ̀gá wa wò ó títí. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára o, àmọ́ ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní ọkùnrin lásán ni, ẹnu ọ̀nà gan-an ni ǹ bá gbé e kọ́." Kò rán mi níṣẹ́ kankan o. Èmi alásèjù ni mo ti fọ́nnu káàkiri pé ẹ̀gbọ́n mi ló yà á, ojú wá ń tì mí láti gbé e padà. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, mo po ọ̀dà tó jọ àwọ̀ ara, mo fi bo àpá ìṣó lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi bo tòsì. Ńṣe ni mò ń yọ́ ṣe é bí olè. Olè náà kúkú ni mí!

Ọjọ́ àfihàn pé, ọ̀gá ti gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àbúrò mi, àpá ìṣó dà?" Mo mọ̀ pé ìgbẹ̀yìn lẹ máa ń ya àpá yẹn, tẹ́ ẹ bá gbààwẹ̀ tán. Mo sì mọ̀ pé ibà dá yín dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ parí ẹ̀. Ni mo bá ní, "Ẹ ò yà á. Ẹ gbàgbé ni." Ẹ wo ọwọ́ ara yín. Ẹ ní, "Èmi? Mo gbàgbé ọgbẹ́ Olúwa mi?" Látọjọ́ yẹn, ẹ ò mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyàwó yín sọ fún mi pé ẹ ní orí yín ti ń dàrú, pé Ọlọ́run ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo gbọ́, mo panu mọ́. Ìkà wo ló tún jùyẹn lọ?

Ẹ má tíì dìde, ẹ jọ̀ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ lè dárí jì mí, ẹ lọ bá ọ̀gá wa, kí wọ́n rọra nu ọ̀dà òkè yẹn kúrò, ẹ ó bá àpá ìṣó yẹn lábẹ́ ẹ̀. Yíyà lẹ yà á, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀tún àti òsì. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí, ẹ má bínú sí ọwọ́ yín mọ́.