Ìkúnlẹ̀ Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kánádà

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, ìyá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti Kánádà dé jókòó lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ tí ìyá ń kọminú.

"Ọdún Ojúde Ọba ń bọ̀, gbogbo ẹbí ni yóò pé. Bí ọmọ rẹ bá wá kí àwọn àgbà lóòró, ibo ni n ó fojú sí?"

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Alaalẹ́ ni mò ń ka ìwé Yorùbá fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá kúnlẹ̀ nínú ìtàn, òun náà á kúnlẹ̀."

"Inú ilé nìyẹn."

"Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde! Ó kúnlẹ̀ kí òyìnbó tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé àdúgbò wa. Ìyẹn rò pé nǹkan ọmọ ló jábọ́. Lòun náà bá kúnlẹ̀, ó ń bá a wá a kiri abẹ́ tábìlì."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òyìnbó kúnlẹ̀ fún ọmọ-ọmọ mi!"

Ó tún un sọ títí a fi wọ Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní:

"Mú un wá ṣáájú ọdún, èmi ni kó kọ́kọ́ kí. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé orúnkún ń ro mí, n kò ní lè kúnlẹ̀ dá a lóhùn."